Owó Oúnjẹ Ilé Láìpa Oúnjẹ Tí A Fẹ́ràn Tì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń gbọ́ bùkátà ilé ní Àkúrẹ́, Oǹdó àti agbègbè wọn máa ń bi wá jù. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó. Owó ọjà kì í dúró lójú kan, nítorí náà ìwọ̀n àti ìṣirò la fi dáhùn níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Iye owó tí ẹ bá rí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀.

N kò ṣètò owó oúnjẹ rí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ilé yín ń jẹ sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko, kì í ṣe owó tí ẹ ná nìkan. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tó ń yó ni (iṣu, gàárì, ìrẹsì, ẹ̀wà), ohun tó ń lọ sínú ọbẹ̀ (ata, epo, ẹja, ẹran, ẹ̀fọ́), àti ohun tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ (búrẹ́dì, bisikíìtì, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, oúnjẹ tí wọ́n rà níta). Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń rò pé ìrẹsì ló ń jẹ owó wọn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọ́n á rí i pé ọ̀nà kejì àti ìkẹta ni owó ń gbà lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó pẹ̀lú ará ilé, kí ẹ mú oúnjẹ mẹ́ta tí ẹ kò lè fi sílẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ni ẹ ó dáàbò bò. Ara ìyókù ni ẹ ó ti gé owó.

Èló ló yẹ kí n yà sọ́tọ̀?

Kò sí iye kan tó bá gbogbo ilé mu, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa pín in ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ₦80,000 ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fi ₦36,000 ra ohun tí kì í tètè bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù: ìrẹsì, ẹ̀wà, gàárì, epo, iyọ̀, ìrù, edé. Ẹ pín ₦36,000 mìíràn sí ọ̀nà mẹ́rin, ₦9,000 fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ata, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹran. Ẹ má fọwọ́ kan ₦8,000 tó kù.

Ìdí tí ₦8,000 yẹn fi gbọ́dọ̀ wà ni pé oṣù kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta máa ń yọ lé e, ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni àwọn ènìyàn sì máa ń lọ ra ọjà láwìn. Àlejò pẹ̀lú kì í sọ tẹ́lẹ̀.

A ní láti sọ òótọ́ yìí pẹ̀lú: owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ilé ènìyàn márùn-ún tó jẹ́ pé iye yẹn nìkan ló ń wọlé fún wọn, ètò nìkan kò lè gbà wọ́n. Bí ẹ bá wà nípò yìí, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Oko ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀fọ́ tí ẹ gbìn sínú àpò ìrẹsì, adìẹ márùn-ún nínú àgò, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló lè kún owó yẹn.

Ṣé kí n pa iyán tì ni kí owó tó lè tó mi?

Rárá o. Àwọn àgbà ti ní iyán loúnjẹ. Ẹni tí iyán bá jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, bó jẹ nǹkan mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, yóò ṣì máa sọ pé òun kò tíì jẹun. Ìpápánu ni yóò fi dí àlàfo yẹn, owó ìpápánu kò sì ní jẹ́ kó rí ohun tó fi pamọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ìwọ̀n àti àsìkò. Àgbàlagbà kan máa ń jẹ iyán tó wá láti ara nǹkan bí ìdajì kílò iṣu tí a ti bó. Èèpo máa ń kó ìdá mẹ́fà iṣu lọ, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ọ̀bẹ bá ń wọ inú jù. Nítorí náà, iṣu kílò mẹ́ta yóò fún yín ní nǹkan bíi kílò méjì ààbọ̀, èyí tó tó ènìyàn márùn-ún. Bí ẹ bá ń ra iṣu mẹ́ta kéékèèké nítorí pé owó wọn dà bí èyí tó dínwó, ẹ wo bí èèpo wọn ṣe pọ̀ tó ní ìfiwéra pẹ̀lú iṣu ńlá kan.

Ní ti àsìkò, iṣu tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà láti ìparí oṣù kẹfà sí ìkeje, yóò pọ̀ yanturu láti oṣù kẹsàn-án lọ, ọ̀wọ́n rẹ̀ sì máa ń dé láti oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Ẹ má fi iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gún iyán. Omi pọ̀ lára rẹ̀, ó máa ń kókó, kì í sì í fà. Ẹ sè é jẹ, tàbí kí ẹ fi se àsáró. Bó bá di oṣù kọkànlá sí ìkejì ọdún tuntun, tí ara rẹ̀ ti gbẹ, nígbà yẹn ni kí ẹ gún un bó ṣe wù yín. Ní oṣù kẹrin sí ìkẹfà, ẹ fi iyán sí ọjọ́ Àìkú nìkan, kí ẹ̀bà, àmàlà àti púpurú máa gba àwọn ọjọ́ yòókù.

Iṣu tí mo rà lódindi ń jẹrà. Kí ló fà á?

Ojú ọgbẹ́ ni ìdíbàjẹ́ máa ń gbà wọlé. Iṣu tí ọkọ́ gé tàbí tí wọ́n jù sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ. Ẹ má tò ó sórí sìmẹ́ǹtì lásán, ẹ má sì dì í sínú àpò tàbí ọ̀rá; ẹ tò ó sórí pákó níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí oòrùn kò sì ti ń pa á. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì: ẹ já èéhù tó bá yọ, nítorí ara iṣu ni èéhù ń jẹ, kí ẹ sì mú èyí tó bá ti rọ̀ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kíá.

Oṣù wo ló yẹ kí n ra kí ni?

Epo pupa máa ń pọ̀ láti oṣù kejì tàbí ìkẹta sí ìkarùn-ún, nígbà tí ẹyìn ń so dáadáa. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ra kẹ́ẹ̀gì, nítorí bó bá di ìparí ọdún, owó rẹ̀ á ti gòkè. Ẹ̀wà tuntun máa ń dé láti òkè ọya ní oṣù kẹwàá sí ìkejìlá. Ẹni tó bá ra tirẹ̀ nígbà náà, tó sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kò ní í bá wọn jà ní oṣù keje. Tòmátì àti tàtàṣé máa ń pọ̀ láàárín oṣù kejìlá sí ìkẹta, wọ́n sì máa ń wọ́n gan-an ní oṣù karùn-ún sí ìkeje. Àlùbọ́sà máa ń dínwó lẹ́yìn ìkórè, ní nǹkan bí oṣù kejì sí ìkẹrin, ó sì máa ń wọ́n bí ọdún bá ń lọ sópin. Àgbàdo tútù, láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ.

Ìrẹsì nìkan ló máa ń da ètò yìí rú. Ìkórè rẹ̀ máa ń bọ́ sí òpin ọdún, ṣùgbọ́n ọdún Kérésìmesì máa ń gbé owó rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá fẹ́ ra ti ọdún, ẹ ti rà á kí oṣù kọkànlá tó parí.

Ọjà wo ló dínwó jù ní Àkúrẹ́?

Kò sí ọjà kan tó dínwó lórí gbogbo nǹkan. Ẹ lọ sí Ṣáṣà bó bá jẹ́ pé ata, tòmátì tàbí àlùbọ́sà lẹ fẹ́ rà ní apẹ̀rẹ̀ tàbí ní àpò, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń kó wọn bọ̀ láti òkè ọya ti ń já wọn sílẹ̀. Ọjà Ọba dára fún ẹni tó fẹ́ ra oríṣiríṣi nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń ta nǹkan kan náà pọ̀ níbẹ̀, ẹ sì lè ná an lọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta kí ẹ tó sanwó. Ìsìkàn àti ọjà NEPA wúlò fún ẹni tó ń gbé nítòsí wọn. Ní ti ẹja, ọjà Ìgbòkọ̀dá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n ó jìn. Ẹni tí ìrìnàjò mìíràn bá gbé lọ síbẹ̀ ni kó rà á wá.

Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ owó ọjà. Bí àlọ àti àbọ̀ bá jẹ́ ₦1,600, tí rọ́bà ata kan sì fi ₦300 dínwó ju ti ọjà àdúgbò lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ra rọ́bà mẹ́fà kí ẹ tó jèrè rárá. Bí rọ́bà méjì lẹ fẹ́, ẹ rà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Fún àwọn tó ń gbé nítòsí ìletò tó ń ná ọjà ọrọọrún, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà ni ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń dínwó jù, torí pé olóko kò fẹ́ rù ú padà sílé.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé kọ́ńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún mi pé?

Kọ́ńgò ìrẹsì tó pé máa ń wọ̀n tó kílò kan ààbọ̀. Àpò 50 kílò yóò sì fún yín ní nǹkan bíi kọ́ńgò 33. Bí ẹ bá ra àpò kan, tí ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú kọ́ńgò tí wọ́n fi ń tà ní àdúgbò yín, tí ó sì fún yín ní 38, ẹ ti mọ̀ pé kọ́ńgò yẹn kéré.

Ẹ yí kọ́ńgò wo kí wọ́n tó bù ú. Ibi tí wọ́n ti máa ń lù ú ni ìdí, kí ó lè wọlé sókè; wọ́n tún máa ń tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè tínrín. Wọ́n á wá kó o gogoro lórí kí ojú yín lè kún, ìsàlẹ̀ á sì ti jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ mú ike kan tí ara rẹ̀ ṣeé rí inú dání láti ilé, tí ẹ ti fi bírò fa ìlà sí ibi tí kọ́ńgò pípé máa ń dé. Bí ó bá dín sí ìlà, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì gba èènì. Oníṣòwò tó mọ̀ pé ẹ ń wọ̀n ọ́n kì í dán an wò lẹ́ẹ̀kejì.

Kẹ́ẹ̀gì epo 25 lítà máa ń kún ìgò ọtí 60 sẹ́ńtílítà 41. Ìgò tí wọ́n fi ń wọ̀n ní ọjà lè tóbi tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sí i lára.

Ṣé kí n ra odindi àpò ni, àbí kọ́ńgò kọ́ńgò?

Ẹ fi 33 pín owó àpò. Bí àpò bá jẹ́ ₦82,500, kọ́ńgò kan bọ́ sí ₦2,500. Bí wọ́n bá ń ta kọ́ńgò ní ₦2,700 ní àdúgbò, ẹ óò jèrè ₦6,600 lórí àpò kan. Ṣùgbọ́n ilé ènìyàn márùn-ún, àgbà méjì àti ọmọ mẹ́ta, tó ń jẹ nǹkan bí 600 gíráàmù ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, yóò jẹ àpò kan fún bí oṣù márùn-ún. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí ₦82,500 dúró sínú àpò ìrẹsì fún oṣù márùn-ún? Bí ó bá jẹ́ owó tí ẹ yá pẹ̀lú èlé, èrè yẹn ti lọ.

Ohun tó sàn fún ọ̀pọ̀ ilé ni kí ìdílé mẹ́rin dáwó jọ ra àpò kan, kí kálukú gba kílò 12 ààbọ̀. Ẹ fi ìwọ̀n pín in níṣojú gbogbo yín. Ilé tó bá sì ra àpò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún nǹkan kan: bí oúnjẹ bá pọ̀ nílé, ọwọ́ máa ń tú. Ẹ bu ti ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ sínú ike, kí ẹ di ẹnu àpò, kí ẹnikẹ́ni má tú u títí ọ̀sẹ̀ yóò fi pé.

Ata àti tòmátì ló ń gba owó ọbẹ̀ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ní ìgbà tí wọ́n bá pọ̀, ẹ ra apẹ̀rẹ̀ kan, kí ẹnìkejì yín sì gba ìdajì bí ó bá pọ̀ jù. Ẹ ṣà á ní ọjọ́ yẹn gan-an. Èyí tó le koko, ẹ tò ó sílẹ̀ sí ibi tútù, kò ní í bàjẹ́ fún ọjọ́ bíi mẹ́rin. Èyí tó ti rọ̀, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e kaná láìdé e títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Omi ló ń jẹ́ kí ata kan. Bó bá ti ki, ẹ fi epo díẹ̀ dín in títí epo yóò fi yọ lójú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ wá dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, ọ̀rá kan fún ìkòkò ọbẹ̀ kan. Nínú fíríìjì, yóò lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nínú fírísà tó ń dì dáadáa, oṣù mélòó kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n dì í nígbà tó ṣì gbóná: ooru á di omi nínú ọ̀rá, ata á sì kan.

Tòmátì tó ti rọ̀ tí wọ́n ń ta ní owó pọ́ọ́kú kò burú, bí ó bá jẹ́ pé ó pọ́n jù lásán ni tàbí pé ó fọ́ lọ́nà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti hu funfun tàbí dúdú, tàbí tó ń rùn kíkan, ẹ jù ú nù pátá. Gígé ibi tó hu kò tó, nítorí pé nínú ohun tó rọ̀ bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á ti wọ inú ju ibi tí ojú rí lọ.

Ní oṣù karùn-ún sí ìkeje, ẹ yí ọbẹ̀ padà. Ẹ̀fọ́ rírò tí a fi tàtàṣé díẹ̀, ata rodo àti àlùbọ́sà sè kò nílò tòmátì rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gúsí, ilá àsèpọ̀ àti gbẹ̀gìrì. A gbà pé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tó kún fún ìrù àti ẹja gbígbẹ dùn ju ọbẹ̀ tòmátì tí wọ́n fi ọ̀wọ́n rà, tí wọ́n sì fi omi lú.

Ẹran wọ́n. Kí ni mo lè fi rọ́pò rẹ̀ tí ara kò fi ní ṣe aláìní?

Ẹ má wo owó kílò nìkan. Ẹ wo èròjà amúaradàgbà tí owó yẹn rà. Kọ́ńgò ẹ̀wà kan, ní bíi kílò kan ààbọ̀, ní nǹkan bí 330 gíráàmù èròjà yìí. Páálí ẹyin ọgbọ̀n ní nǹkan bí 180, torí ẹyin kọ̀ọ̀kan ní bíi 6. Kílò kan ẹran màlúù tí kò léegun ní nǹkan bí 200. Bí ẹ̀wà bá jẹ́ ₦3,000 fún kọ́ńgò, gíráàmù kan jẹ́ nǹkan bí ₦9. Bí páálí ẹyin bá jẹ́ ₦5,400, ó jẹ́ ₦30. Bí kílò ẹran bá jẹ́ ₦7,000, ó jẹ́ ₦35. Ẹ fi owó ọjà yín ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ óò rí ohun tó yẹ kí ẹ rà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Pọ̀nmọ́ dára lẹ́nu, ó sì ń jẹ́ kí ọbẹ̀ kún, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹran fún ọmọdé tó ń dàgbà. Ẹ fi í kún ọbẹ̀ tí ẹja ti wà nínú rẹ̀. Ẹja ṣàwà tí a dín gbẹ, tí a jẹ pẹ̀lú eegun rẹ̀, sàn púpọ̀. Adìẹ tó ti yé tán máa ń dínwó nígbà tí àwọn oníṣẹ́ adìẹ bá ń pààrọ̀ ọ̀wọ́. Ó le, ó ń fẹ́ sísè pẹ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ dùn ju ti adìẹ inú fírísà lọ. Ní ti àsun, tó jẹ́ ohun ìyangàn wa ní Oǹdó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ ayẹyẹ. Ewúrẹ́ kan tí ẹ bá dáwó jọ pa pẹ̀lú aládùúgbò sàn ju àwo tí ẹ ń rà ní ibi ìgbafẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Kòkòrò ń jẹ ẹ̀wà mi. Ṣé kí n fi oògùn sí i?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn apakòkòrò olómi tí wọ́n ń pè ní dichlorvos, tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà, májèlé ni fún ènìyàn. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré ti 100 mílílítà nítorí irú ìlòkulò yìí. Fífọ̀ ẹ̀wà pẹ̀lú omi kì í mú un kúrò tán.

Ọ̀nà tí kò léwu wà. Ẹ sá ẹ̀wà sóòrùn kó gbẹ dáadáa, kí ẹ ṣà á, kí ẹ wá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó sì gbẹ, títí dé ẹnu. Ẹ mi kẹ́ẹ̀gì náà kí ẹ̀wà wọnú ara rẹ̀, kí ẹ tún un rọ kún, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú. Bí ẹ bá ń ṣí i lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ á tún wọlé, nítorí náà ẹ lo kẹ́ẹ̀gì kéékèèké mẹ́ta dípò ńlá kan. Àpò PICS, tó ní ọ̀rá méjì nínú àti àpò kan níta, ń ṣiṣẹ́ bákan náà fún ẹni tó ra púpọ̀. Bí ẹ̀wà bá kéré, ọjọ́ mẹ́rin nínú fírísà yóò pa kòkòrò àti ẹyin rẹ̀.

Iná kì í dúró ní àdúgbò wa. Ṣé ó tọ́ kí n máa ra ẹja àti ẹran kún fírísà?

Fírísà tó kún, tí wọn kò sì ṣí, lè pa òtútù mọ́ fún bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Ẹ fi ìgò omi kún ibi tó bá ṣófo. Bí iná bá lọ jù bẹ́ẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹja náà: bí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀, ẹ lè jẹ́ kó tún dì. Bó bá ti yọ́ tán ṣùgbọ́n tó ṣì tutù nini, ẹ sè é tàbí kí ẹ dín in lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá tutù mọ́, ẹ má jẹ ẹ́, kódà bí kò bá tíì rùn.

Níbi tí iná bá ń lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má ra ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹja yíyan àti ẹja gbígbẹ ló bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu.

Owó gáàsì náà ńkọ́?

Ara owó oúnjẹ ni. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, yóò tètè jinná. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ jù nílé máa ń le, ó sì ń jẹ gáàsì. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ kọ oṣù tí ẹ rà á sára kẹ́ẹ̀gì. Kán-ún ń mú un rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì kan jẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ dé ìkòkò, kí ẹ sì fi omi tó tó nìkan kaná fún ẹ̀bà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ epo pupa tó dára?

Kò sí ìdánwò ilé kan tó dájú pátápátá, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ mọ̀. NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nípa àwọ̀ Sudan tí àwọn kan ń pò mọ́ ọn. Epo tó bá pupa fòò ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò sì ní òórùn epo, ẹ yẹra fún un. Bí ẹ bá ní ìbátan ní Òkìtìpupa tàbí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fún un, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín rà á ní ebu. Ẹ dé e pinpin, ẹ má sì gbé e sí ojú oòrùn.

Oníbàárà mi ń tà mí láwìn. Ṣé ó burú?

Ẹ fi owó àwìn wé owó ọwọ́. Bí kọ́ńgò gàárì bá fi ₦150 wọ́n sí i fún ẹni tó ń rà á láwìn, tí ẹ sì ń ra mẹ́jọ lóṣù, ₦1,200 lọ lórí gàárì nìkan. Àdánù tó tún wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó jẹ gbèsè kì í lè ná ọjà, kì í sì í lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó ìpápánu, kí ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Oníbàárà tó mọ̀ yín dáadáa wúlò. Ẹ jẹ́ kí ó máa pa ohun tó dára mọ́ fún yín, kì í ṣe kó máa kọ orúkọ yín sínú ìwé.

Ọkọ mi fẹ́ iyán, àwọn ọmọ fẹ́ ìrẹsì, èmi fẹ́ púpurú. Ṣé mo lè tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn?

Ẹ lè ṣe é. Ọbẹ̀ ló ń náni lówó jù, òkèlè kọ́. Ẹ se ọbẹ̀ méjì lọ́sẹ̀ tí gbogbo òkèlè lè bá rìn, bí ẹ̀fọ́ rírò àti ẹ̀gúsí, kí kálukú sì fi ohun tó wù ú jẹ ẹ́. Ẹ̀fọ́ rírò bá iyán rìn, ó bá púpurú rìn, ìrẹsì funfun náà kò kọ̀ ọ́. Ata díndín kan náà ni yóò ṣiṣẹ́ fún ìrẹsì àwọn ọmọ àti fún ẹ̀wà.

Níbi tí wàhálà máa ń wà ni ẹran inú àwo. Ẹ pín in kí oúnjẹ tó dé orí tábìlì, kí ọmọdé àti aláboyún sì ní tiwọn nínú rẹ̀. Bàálé tó gbà kí ẹyin tàbí ẹja rọ́pò ẹran nígbà méjì lọ́sẹ̀ ti ran owó ilé lọ́wọ́ gan-an, ẹ sì lè sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìṣirò lọ́wọ́.

Dókítà ní kí n ṣọ́ oúnjẹ jẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Oúnjẹ aláìsàn kò ha wọ́n jù?

Kò pọn dandan kí ó wọ́n. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ilá, ẹja àti òkèlè tó mọ níwọ̀n ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ, gbogbo rẹ̀ sì wà ní Ọjà Ọba. Ohun tó yẹ kí ẹ gé ni iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó 5 gíráàmù lójúmọ́, tó jẹ́ nǹkan bí ṣíbí ìmutíì kan, ti inú búrẹ́dì àti ti inú kúùbù ọbẹ̀ sì wà nínú kíkà náà. Ìrù, edé, àlùbọ́sà àti ewé efinrin yóò jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn pẹ̀lú kúùbù tó dín sí ìdajì. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ rò pé òun lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bó ṣe wù ú. Ìwọ̀n tí dókítà bá sọ ni kó jẹ.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí oṣù parí, owó sì ti ń tán. Kí ni kí n kọ́kọ́ gé?

Ẹ kọ́kọ́ gé ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, bisikíìtì àti oúnjẹ ìta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ rọ́pò ẹran. Lẹ́yìn náà, ẹ din epo tí ẹ fi ń dín nǹkan kù: ẹ se ọ̀gẹ̀dẹ̀ dípò dòdò, ẹ se mọ́ínmọ́ín dípò àkàrà. Bí kò bá tíì tó, ẹ din iye ìgbà tí ẹ ń jẹ ìrẹsì kù, kí ẹ fi ẹ̀bà àti ẹ̀kọ dí i.

Ẹ má gé ẹyin tàbí ẹ̀wà tí àwọn ọmọ ń jẹ. Ẹ má sì gé ọ̀kan nínú oúnjẹ mẹ́ta tí ẹ mú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Bó bá le tán, ẹ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí owó oṣù tuntun bá wọlé, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ yọ ₦8,000 yẹn sọ́tọ̀.